Ajá Tí Wọ́n Ń Pè ní Mofura

Ọmọ ajá tó wu Aránbàtà ni èyí tó pupa, tí àyà rẹ̀ funfun bí ẹni tó so aṣọ ìnujú mọ́ ọrùn. Bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe wọ ẹ̀yìnkùlé Bàbá Ọdẹ ni ọmọ ajá náà sá jáde láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbá okùn bàtà rẹ̀ mú, ó ń fà á, ó ń kùn bí ẹni pé ẹkùn ni òun mú lẹ́sẹ̀.

"Èyí rèé," ni Aránbàtà wí, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀. "A ò tíì yàn án tó ti yan ara rẹ̀."

"Ìyẹn ti ní ẹni tó ni ín," ni Bàbá Ọdẹ dáhùn.

Bàbá Ọdẹ jẹ́ àbúrò bàbá ìyàwó Aránbàtà. Àgbàlagbà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo ọdẹ àdúgbò ti ń gba ajá. Kì í tà wọ́n. Ẹni tó bá wù ú ló ń fún, èyí tó bá sì wù ú ló ń fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì àtijọ́ tí abo ajá rẹ̀ sọ di ilé, ó fa ọmọ ajá mìíràn jáde. Àwọ̀ eérú ni, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì ṣubú. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú wọn. Ọmọ ajá náà kò fò, kò gbó. Ó jókòó, ó gbé imú sókè díẹ̀, ó ń mì ín bí ìyá àgbà tó gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti ilé kejì.

"Èyí ni tìẹ."

"Bàbá, ara rẹ̀ dá ṣáṣá báyìí?"

"Ara rẹ̀ dá."

"Ó jọ pé oorun ló ń sùn."

"Ìwọ náà, bí o bá ń fi òlu gún awọ, ṣé o máa ń fò sókè ni?"

Ìyàwó Aránbàtà bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú o, Bàbá. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé èyí ló dáa nínú wọn?"

"Mo dán wọn wò láàárọ̀ kí ẹ tó dé. Mo wọ́ awọ ehoro kọjá nínú koríko, mo tú wọn sílẹ̀. Àwọn yòókù ń bá ara wọn jà. Èyí nìkan ló fi imú lélẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e dé ìdí rẹ̀."

Kí ẹ tó dé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Aránbàtà gbé lọ́kàn kúrò níbẹ̀. Ìdánwò tí ojú òun kò tó, kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é kí òun tó dé?

Ọ̀rọ̀ ajá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún un. Ìyàwó rẹ̀ ní oko ẹ̀wà kan létí odò, lẹ́yìn àwọn ilé. Ní ọdún tó kọjá, àwọn ehoro ló kórè rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Obìnrin náà a lọ lówùúrọ̀, a bá ewé ẹ̀wà nílẹ̀ bí ohun tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí rẹ́, a padà wálé, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó máa ń fi orin ìsìn jí gbogbo ilé ni. Ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn mọ́. Ó ti lọ bẹ àwọn ọdẹ pé kí wọ́n gba òun mọ́ra, kí wọ́n sì fi oko náà kún ibi tí wọ́n ń dọdẹ dé. Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin kan: ẹni tó bá fẹ́ bá wọn rìn gbọ́dọ̀ mú ajá tí òun fúnra rẹ̀ tọ́ wá. Bí ajá náà bá já wọn kulẹ̀ ní ìjáde àkọ́kọ́, kò ní bá wọn jáde mọ́, olówó rẹ̀ yóò sì jókòó sílé tì í.

Kí wọ́n tó kúrò, Bàbá Ọdẹ mú awọ ehoro kan sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri. Irun ṣì wà lára rẹ̀, ó le gbagidi, òórùn rẹ̀ sì ń lé eṣinṣin pàápàá sẹ́yìn. Ó so okùn mọ́ ọn.

"Máa wọ́ ọ kọjá nínú koríko, kí o fi í pamọ́, kí ó wá a. Bó bá rí i, yìn ín. Má pariwo mọ́ ọn. Kí o sì máa mú un wá síbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun àti awọ náà, kí n máa wò wọ́n."

"Òun àti awọ náà?"

"Òun àti awọ náà."

Lójú ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ ajá náà mọ́ àyà, ó fi ìṣẹ́tí aṣọ bò ó. Aránbàtà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi igi gbé awọ náà jìnnà sí imú.

"Ìyàwó mi, ẹni tó fún èèyàn ní nǹkan, kí ló tún kù tó fẹ́ máa wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Bóyá ó fẹ́ràn wa ni."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìfura loògùn àgbà."

"Baálé mi, oògùn tí èèyàn bá ń mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kì í pẹ́ di májèlé o."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Aránbàtà gbé bàtà oníbàárà kan lọ sí ẹnu ọjà. Ó gba iwájú ìsọ̀ Alápatà kọjá, ó sì rí ọmọ ajá pupa náà tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì ẹran, tó ń gbó mọ́ gbogbo ẹni tó ń kọjá, títí kan ewúrẹ́. Alápatà fúnra rẹ̀ wà lára àwọn ọdẹ, ọ̀rẹ́ Bàbá Ọdẹ sì ni. Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, ó ní:

"Aránbàtà! Wá wo kìnnìún mi! Bàbá Ọdẹ ló fi ta mí lọ́rẹ. Tìẹ ńkọ́, ṣé ó ti jí?"

"Ó ti jí."

"Ó ti jí kẹ̀? Ta ló jí i? Bí ó bá tún sùn, gbé e wá síbí, màá ní kí tèmi gbó sí i létí."

Aránbàtà rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. Nígbà tó délé, ó wo ọmọ ajá eérú náà, ó ní, "Orúkọ rẹ ni Mofura. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn máa gbọ́ ọ, kó mọ ara rẹ̀."

Ìsọ̀ Aránbàtà kò tóbi. Tábìlì iṣẹ́ kan wà lẹ́bàá fèrèsé, àwọn ẹsẹ̀ onígi tó fi ń na bàtà wà lórí pẹpẹ, agolo gọ́ọ̀mù, ìṣó nínú ike, àti awọ tí wọ́n ká jọ sí igun. Inú páálí kan lábẹ́ tábìlì ni Mofura ń sùn, lórí àwọn àjákù awọ, ó sì ń fi wọ́n ṣe ìpanu. Ìsọ̀ tó mọ́ tónítóní ni, ibẹ̀ ni Aránbàtà sì gbé awọ ehoro náà kọ́ sí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, obìnrin kan tó fẹ́ gba sálúbàtà rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo imú, ó ní òun yóò padà wá nígbà tí wọ́n bá ti sin òkú náà.

Gbogbo ayé mọ̀ pé aránṣọ kì í rí aṣọ tó já kó má wá abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Aránbàtà kò lè jókòó ti awọ tútù tó ń jẹrà. Ó rẹ ẹ́ sínú omi eérú, ó fá irun rẹ̀ kúrò, ó se èèpo igi, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi pupa náà, ó sá a sí òjìji, ó fi òróró pa á, ó sì fi òòlù onígi lù ú títí ó fi rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Kò tán síbẹ̀. Ó gé eteetí rẹ̀ kó gún régé, ó rán an yíká, ó sì fi ojú irin kékeré sí ibi tí okùn yóò gbà. Nígbà tó parí, ó gbé e sókè síwájú fèrèsé, ó yin Ọlọ́run tó fún un ní ọwọ́ iṣẹ́.

Awọ yẹn ló ń wọ́ kiri fún Mofura. Bó bá fi í pamọ́ sínú koríko, Mofura yóò rí i. Bó bá fi í sábẹ́ òkúta lódì kejì odò, Mofura yóò la omi kọjá. Ìgbà kan ó fi í sísàlẹ̀ agbọ̀n ẹ̀wà ìyàwó rẹ̀. Ajá náà fi imú tú ẹ̀wà náà dànù láìgbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì jókòó ti awọ náà bí ẹ̀ṣọ́. Inú Aránbàtà dùn débi pé ó jó. Ṣùgbọ́n kò mú ajá náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ọdẹ. Bí ìyàwó rẹ̀ bá rán an létí, yóò ní iṣẹ́ pọ̀, tàbí pé orúnkún ń dun òun. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé arúgbó náà ti rí i pé ajá tí òun rò pé kò wúlò ti di ajá gidi, ó sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi gbà á padà.

Àfi bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rú u lójú. Ní àárọ̀ kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ mú Mofura lọ sí oko ẹ̀wà. Ehoro kan jókòó láàárín poro, ó ń jẹ ewé, etí rẹ̀ ń mì. Mofura wò ó. Ehoro náà wo Mofura. Lẹ́yìn náà ni ajá yí padà, ó rìn wá síbi tí ìyàwó Aránbàtà bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sí, ó sì fi ẹnu lé e lórí, ó dùbúlẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ẹ jẹ́ ká lọ bi Bàbá."

"Bàbá wo? Ẹni tó mọ ohun tó ṣe sí imú ajá yìí kó tó gbé e lé mi lọ́wọ́ ni ká tún lọ bi?"

Láti ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí ẹnikẹ́ni mọ́. Bàbá Ọdẹ ti fi bàtà búùtù rẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ìyàwó Aránbàtà ṣáájú ìgbà náà pé kó bá òun pààrọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Aránbàtà ṣe é dáadáa, nítorí kò mọ bí a ti ń ṣe iṣẹ́ jákujàku: ó fi awọ tuntun sí i, ó kan ìṣó mẹ́ta sí gìgísẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, bó ṣe máa ń kàn án, ó sì fi òróró pa á. Kò pẹ́ sígbà náà, ó ti ibi tó ti lọ ra awọ dé, ó gba ẹ̀yìn ìsọ̀ wọlé, ó sì rí ipa ẹsẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ tútù. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ìṣó mẹ́ta, bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ìta gìgísẹ̀ ọ̀tún ti ń jẹ, nítorí Bàbá Ọdẹ máa ń gbé ara lé ọ̀tún. Lẹ́bàá ibẹ̀ ni Mofura wà, tó ń họ egungun ẹsẹ̀ ehoro kan tí irun ṣì wà lára rẹ̀.

Ó wọlé, ó bá ìyàwó rẹ̀ nídìí ààrò.

"Ta ló wá síbí lónìí?"

Obìnrin náà ro ọbẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. "Àwọn oníbàárà yín wá. Mo ní kí wọ́n padà wá."

"Kò sí ẹlòmíràn?"

"Ẹ jókòó, kí n bu oúnjẹ fún yín."

Aránbàtà jókòó, ó ń wo yíká ilé. Abọ́ méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wà lórí pẹpẹ, wọ́n da ojú wọn dé, omi ṣì ń kán lára wọn. Ta ló bá obìnrin yìí jẹun? Ọkàn tó bá ti gba ìfura lálejò, kì í pẹ́ tí àlejò náà yóò fi di onílé. Ní alẹ́ yẹn, ó kúnlẹ̀ láti gbàdúrà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n àdúrà náà kò yàtọ̀ sí ẹjọ́ tí a ń ro mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ó ka gbogbo ohun tí Bàbá Ọdẹ ṣe sílẹ̀ níwájú Olúwa, bí ẹni pé Olúwa kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó rí ipa ẹsẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tún rí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń dúró de ọjọ́ ìjáde.

Ọjọ́ náà dé. Àwọn ọdẹ kóra jọ sí etí oko ẹ̀wà nígbà tí ìrì ṣì wà lórí ewé. Bíríkìlà tó jẹ́ aṣáájú wọn wà níbẹ̀, ọkùnrin tí èjìká rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn. Alápatà mú ajá pupa rẹ̀ dání. Àwọn bíi mélòó kan mìíràn sì gbé ìbọn kọ́ èjìká. Bàbá Ọdẹ jókòó sórí kùkùté igi kan lábẹ́ òjìji, nítorí ó ti dàgbà kọjá ẹni tó ń sáré.

Alápatà ló kọ́kọ́ tú ajá tirẹ̀ sílẹ̀. Kìnnìún sáré lọ sápá ọ̀tún, ó gbó mọ́ ẹyẹ kan. Ó sáré lọ sápá òsì, ó gbó mọ́ odò. Lẹ́yìn náà ó wá gbó mọ́ Bíríkìlà.

"Alápatà, ajá rẹ mọ gbogbo èèyàn àyàfi ehoro," ni ẹnì kan wí.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ń kí wọn ni."

"Aránbàtà, ó kù sọ́wọ́ rẹ," ni Bíríkìlà wí. "O mọ òfin wa."

Aránbàtà tú okùn ọrùn Mofura. Ajá náà gbé imú sókè. Ó mì ín. Lẹ́yìn náà ló fi í lélẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, láìgbó, láìwẹ̀yìn, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ẹnì kan rọra sọ ìbọn kalẹ̀ léjìká. Àyà Aránbàtà wú. Ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi, ó sì fẹ́ kí ó rí i. Mofura gba etí poro kọjá, ó yí igbó kékeré kan po, ó gun òkè díẹ̀, ó lọ tààrà sídìí kùkùté igi, ó fi ẹnu lé orí bàtà Bàbá Ọdẹ, ó sì dùbúlẹ̀.

Ẹ̀rín bú.

"Ehoro rèé o!" ni Alápatà pariwo. "Ẹ má yìnbọn o, ehoro arúgbó ni!"

Ojú Aránbàtà ṣókùnkùn. Gbogbo ohun tó ti ń kó jọ sínú tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tó fún mi lájá ni ajá ń wá! Ó gbé ajá gidi fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé èyí fún mi, ó sì tún ń yọ́ wá kọ́ ọ pé kó máa padà wá sọ́dọ̀ òun. Ẹ bi í bóyá kì í dé ẹ̀yìn ìsọ̀ mi tí n kò bá sí níbẹ̀!"

"Aránbàtà," ni Bíríkìlà wí, "bàbá ìyàwó rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ o."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ gìgísẹ̀ rẹ̀ pàápàá. Èmi ni mo kan ìṣó ibẹ̀."

Bíríkìlà yíjú sí àgbàlagbà náà. "Bàbá, ṣé ẹ débẹ̀ ni?"

"Mo débẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan?"

"Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ."

Nígbà náà ni ìyàwó Aránbàtà gbé kẹ́ẹ̀gì omi kalẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n máa wá," ni ó wí. "Baálé mi, wọ́n ní kí ẹ máa mú ajá lọ, ẹ ní orúnkún ń dùn yín. Ẹ̀yin tí ẹ jó nínú ilé lórí ajá kan náà! Mo rí ehoro níwájú rẹ̀, bàtà mi ló ń wò. Ta ni kí n sọ fún? Bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó ní wọ́n rán mi ni. Oúnjẹ tí wọ́n sì jẹ lọ́dọ̀ mi, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n ti jẹ ẹ́."



Bàbá Ọdẹ kò dìde. Ó ń fi ọwọ́ pa etí Mofura tó ṣubú. Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, awọ ehoro tí mo fún ọ dà?"

Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tí Aránbàtà lè dáhùn pẹ̀lú orí gbígbé sókè. Ó mú awọ náà jáde nínú àpò. Ó rọ̀, ó ń dán, wọ́n rán an yíká. Àwọn ọdẹ sún mọ́ ọn. Ẹnì kan ní, "Háà, iṣẹ́ wà níbí o."

Bàbá Ọdẹ gbé e sí imú. Ó na án sí Alápatà. "Gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìwọ tó ń pa ẹran, ẹran wo nìyí?"

Alápatà gbóòórùn rẹ̀, ó tún un gbọ́. "Kì í ṣe ẹran. Bàtà ni."

"Ta ló ṣe é báyìí?"

"Èmi ni," ni Aránbàtà wí. "Ó ń rùn, Bàbá. Ó ń jẹrà."

"Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí ńkọ́? Ta ló tún un ṣe?"

Aránbàtà wo awọ náà, ó wo búùtù náà, ó wo ajá tó dùbúlẹ̀ láàárín méjèèjì tó ń ju ìrù, tó ń retí kí wọ́n yin òun. Èèpo igi kan náà. Òróró kan náà. Gbogbo oṣù wọ̀nyí, òórùn ìsọ̀ ara rẹ̀ ló ti ń kọ́ ajá náà.

"Mo sọ fún ọ pé òun àti awọ náà," ni Bàbá Ọdẹ wí pẹ̀lẹ́. "Ajá kò lè sọ ohun tó ń ṣe é. Awọ ni mo fẹ́ fi imú bi léèrè. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ, o ti ti awọ náà mọ́lé. Ìwọ rí ìsàlẹ̀ bàtà mi, o kà á bí ìwé, ṣùgbọ́n o ò wo ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ. Ọmọ ajá pupa yẹn, Alápatà fẹ́ ẹni tí yóò máa lé olè kúrò nídìí ẹran. Ariwo ló fẹ́, mo fún un ní ariwo."

"Ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ o," ni Alápatà wí.

Aránbàtà dọ̀bálẹ̀ nínú ìrì. Kò bìkítà pé àwọn èèyàn ń wò. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo ti fi ẹnu mi ṣe yín léṣe níwájú èèyàn."

"Dìde, aṣọ rẹ ń tutù." Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Bíríkìlà. "Òfin wa ńkọ́?"

Bíríkìlà họ orí. "Òfin ni òfin, Bàbá. Ajá tó bá já wa kulẹ̀..."

"Ta ló já kulẹ̀? Wọ́n rán an ní bàtà, ó rí bàtà. Èwo nínú àwọn ajá yín ni yóò la odò kọjá nítorí awọ?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tú okùn búùtù rẹ̀. "Ìjáde kò tíì tán. Ẹ bọ́ bàtà yín."

"Bàtà tiwa kẹ̀?"

"Ta ni nínú yín tí kì í ṣe Aránbàtà ló ń tún bàtà rẹ̀ ṣe?"

Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́nì kan. Bíríkìlà ló kọ́kọ́ bọ́ tirẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìkùnsínú. Ìyàwó Aránbàtà kó gbogbo bàtà náà, ó kó àpò awọ àti bẹ́líìtì kún un, ó sì gbé wọn lọ jìnnà síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, ó so wọ́n kọ́ ẹ̀ka igi, kí òórùn wọn má bàa dé imú ajá. Aránbàtà lọ sétí odò, ó fi iyanrìn àti ẹrẹ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Nígbà tó padà, Bàbá Ọdẹ mú ẹsẹ̀ ehoro tútù kan jáde nínú ewé.

"Irú rẹ̀ ni mò ń jù sí i lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ, kó má bàa gbàgbé pátápátá. Gbà, ìwọ ni kó fi hàn án. Pè é."

Aránbàtà gbọ́ orúkọ náà lọ́kàn kó tó pè é, ojú sì tì í. "Mofura," ni ó pè, ohùn rẹ̀ kò jáde tán.

"Pè é sókè," ni Bàbá Ọdẹ wí, ẹ̀rín sì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. "Gbogbo wa ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀."

Mofura wá. Ó gbóòórùn ẹsẹ̀ ehoro náà. Ó wo ọwọ́ olówó rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà lásán, ó sì yí imú kiri bí ẹni tó ń wá ohun kan tì. Ó rìn síwájú, ó dúró. Ó padà. Alápatà fẹ́ sọ̀rọ̀, Bíríkìlà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ìyàwó Aránbàtà ti pa ojú dé, ètè rẹ̀ ń mì. Kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n sọ fún un ohun tó ń ṣe.

Ajá náà fi imú lélẹ̀. Ó wọ àárín poro ẹ̀wà, ó lọ díẹ̀díẹ̀, ó yà, ó tún yà. Lójijì ó gan bí igi. Etí rẹ̀ tó ṣubú dìde sókè. Láti abẹ́ ewé, níwájú imú rẹ̀ gan-an, ehoro ńlá kan ta jáde. Alápatà gbé ìbọn, ó sáré síwájú, ó tẹ ẹ̀gún, ó ké "Yéè!", ọta sì gba ojú ọ̀run lọ.

Ehoro ti wọgbó. Kò sẹ́ni tó wò ó mọ́. Mofura nìkan ni wọ́n ń wò, tó dúró ní ojú ibi tí ẹran náà ti fò, tó ń gbọ́ òórùn ilẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ti ń sọ fún un látọjọ́ yìí.

"Ó rí i," ni Bíríkìlà wí. "Èèyàn ló tàsé. Aránbàtà, a ó máa retí rẹ ní ìjáde tó ń bọ̀."

Aránbàtà kúnlẹ̀ sáàárín poro, ó gbá ajá náà mọ́ra. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, màá yí orúkọ rẹ̀ padà."

"Fi í sílẹ̀. Ajá ti mọ orúkọ rẹ̀. Ìwọ ni kó máa rán létí."

Láti ìgbà náà, awọ tútù wà lára ògiri ìsọ̀ Aránbàtà, tirun-tirun, bí Bàbá Ọdẹ ṣe fún un. Àwọn oníbàárà ń dúró síta, wọ́n ń fi ọ̀pá na bàtà wọn wọlé. Ọwọ́ ń yún un láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó ń mú ara dúró. Nínú oko ẹ̀wà, ìyàwó rẹ̀ ti tún ń kọrin, wọ́n sì ń gbọ́ ọ dé ojú pópó.

Ní ọ̀sán kan, ó ti ọjà dé, ó gba ẹ̀yìn ìsọ̀ wọlé, ó tún rí ipa ẹsẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Ìṣó méjì péré ló wà ní gìgísẹ̀ ọ̀tún. Ìkẹta ti yọ. Ó wọlé, ó gbé àga kan jáde síbi tí òjìji wà, ó mú òòlù àti ìṣó kan dání, ó sì ké sí ìyàwó rẹ̀ pé, bí Bàbá kò bá tíì lọ jìnnà, kó sáré pè wọ́n padà.